Sí Ganiath, Lórí Ọ̀rọ̀ Aṣọ Tí Mo Fà Ya

Bantè, ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán

Ganiath Àríyìkẹ́ ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ jí ní Kútọnu, kí ó bá ọ dé ibi iṣẹ́, kí ó sì bá ọ wọ mọ́tò bọ̀ wálé. A kí ọ, a kí àwọn olùkọ́ rẹ, a kí onílé rẹ, a sì kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, nítorí ìyá rẹ ní ohun tó bá ń ran ọmọ ẹni lọ́wọ́, ẹbí ẹni ni, kí n má ṣe fò ó. Abẹ́rẹ́ kò ní gún ọ lójú. Àlùmọ́gàjí kò ní ṣì ọ́ lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka orúkọ àwọn tó mọṣẹ́, wọn kò ní fo tìrẹ.

Àwa ńkọ́, a dúpẹ́. Orúnkún tó ń dun ìyá rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán, ó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọjà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti le. Kajú oko wa ní Akpassi so dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ ìwé ìfẹ̀yìntì mi, ìwé tí wọ́n fún mi nígbà tí mo parí ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ìyá rẹ ní láti ìsinsìnyí lọ, ewúrẹ́ náà ni kí ó máa lọ gba owó ìfẹ̀yìntì wá.

Mo mọ ohun tí o ń retí. O bi mí ní ìbéèrè kan, o sì ní o gbọ́dọ̀ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí: ṣé mo gbà kí o kọ ọ̀rọ̀ aṣọ tí mo fà ya sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọn yóò pín fún gbogbo èèyàn ní ọjọ́ àṣehàn aṣọ ní ilé-ìwé ìránṣọ yín. N ó dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ti ṣe dé ibẹ̀, nítorí àgbàlagbà kì í já lu ẹ̀bi rẹ̀ lójijì, ó máa ń rìn yí i ká ni.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sítáàjì rẹ kejì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí ilé-ìwé rán yín lọ ṣe lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ ńlá, o kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé inú rẹ dùn púpọ̀, pé wọ́n jẹ́ kí ìwọ nìkan gé pátírọ̀n, pé o gé e sí mẹ́rin, o sì fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ tábìlì. Ganiath, èmi tí mo fi èdè Faransé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà èwe mi, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní pátírọ̀n. Ọ̀gá ni. Ẹni tó ni ibi iṣẹ́ ni. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á, ọ̀gá náà ṣì wà ní mẹ́rin.

Mo pe ìyá rẹ, mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti gé ọ̀gá rẹ̀. Ó béèrè pé ṣé ọ̀gá náà ló kọ́kọ́ bú ọ ni. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè mi tó nípọn jáde. Ìtumọ̀ kìíní tó fún pátírọ̀n ni ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ìlú, ìtumọ̀ kejì ni ọ̀gá. N kò kà á síwájú mọ́, nítorí nínú méjèèjì kò sí èyí tó yẹ kí ọmọ mi gé. Mo lọ sí mọ́sálásí, mo bẹ Lémọ́mù kí ó bá mi ṣe àdúrà fún ẹnì kan tí ọmọ rẹ̀ ṣèèṣì níbi iṣẹ́. Lémọ́mù béèrè pé irú àṣìṣe wo ni. Mo ní irú tí kò ṣeé dá padà ni.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Fataou aránṣọ kọjá, ibi tí ìwọ ti kọ́kọ́ di abẹ́rẹ́ mú nígbà tí o bá jáde ilé-ìwé. Ó rí ojú mi, ó ní kí n jókòó. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí n kò ti jókòó níbẹ̀, ìwọ náà sì mọ ìdí rẹ̀, torí pé ojú rẹ ni mo ṣe sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àkìtàn tí wọ́n ń da àwọn tó bá fìdí rẹmi sí. Mo jókòó. Mo sọ ọ̀ràn náà fún un. Kò rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ó dìde, ó já bébà bíráùn kan lára ògiri, bébà tí wọ́n gé bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò láti fi wọn aṣọ kí wọ́n tó gé e, ó gbé e lé mi lórí itan, ó ní pátírọ̀n nìyẹn o, ọ̀gá, pé òun náà ti gé tó ẹgbẹ̀rún kan, àwọn ọlọ́pàá kò sì tíì wá mú òun. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ kàwé tán, ìwé kan ṣoṣo tí àwa aránṣọ ní, ẹ kò lè kà á. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dojú délẹ̀ lórí ẹ̀rọ, èjìká wọn ń mì.

O lè rò pé mo kọ́gbọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà o tún kọ ọ́ pé mánìkẹ́n rẹ sunkún, pé ó ní òun kò tíì jẹun láti àárọ̀. Mo mọ mánìkẹ́n. Mo rí i nígbà tí mo wá wò ọ́ ní Savalou níbi sítáàjì rẹ àkọ́kọ́, lọ́dọ̀ Màdámù Chimène. Kò ní orí, kò ní ọwọ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, irin sì ni. Mo fi ọwọ́ ara mi kàn án. Ìyá rẹ ní bí igi àti irin bá ń sunkún ebi ní Kútọnu, kí ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń jẹ. N kò gbé ìwé atúmọ̀ èdè jáde lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ Fataou ni mo gbà lọ tààrà, ṣùgbọ́n Fataou náà ní èyí ju òun lọ, pé ti òun kì í sọ̀rọ̀. Ó di dandan kí a pe Màdámù Chimène lórí fóònù. Ó da èdè Mahi àti Faransé pọ̀, ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ aṣọ rìn níwájú èèyàn ni wọ́n tún ń pè bẹ́ẹ̀, pé wọn kì í fẹ́ jẹun kí ikùn má baà yọ. Ìyá rẹ kò gba àlàyé yìí. Ó ti di gàrí àti ẹ̀pà fún ọmọ náà, wàá bá a nínú àpò tí awakọ̀ yóò gbé fún ọ.

Ti ọkàn pupa ńkọ́, mo tọrọ àforíjì. Luqman ará Nàìjíríà tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló fi àwòrán aṣọ márùn-ún tí o rán fún àṣehàn náà hàn mí lórí fóònù rẹ̀, mo sì rí i pé ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí fi ọkàn pupa sí abẹ́ aṣọ márààrún. Ẹni tó bá fi ọkàn rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà márùn-ún, kò ṣeré. Mo ní kí Luqman bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá ọmọ ti rí i, kí ó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá sí Bantè, kí ó sì sọ ẹ̀sìn rẹ̀. O ní olùkọ́ rẹ ni, pé ó ní ìyàwó àti ọmọ. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí ó má torí ẹ̀ dín máàkì rẹ kù.

Inú àwòrán yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Mo wo àwọn aṣọ márùn-ún náà, aṣọ tó rẹwà, mo ti fi hàn gbogbo ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà wa kọjá, títí kan àwọn tó ń kánjú. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ya láti ọrùn dé ìṣẹ́tí, tí wọ́n sì fi òwú pupa gbàgàdà rán an padà bí ẹni ń rán ẹnu àpò. Mo rò pé òwú ló tán lọ́wọ́ rẹ. Mo kọ̀wé sí ọ pé kí o má jẹ́ kí ojú tì ọ́, pé Fataou yóò fi òwú tó bá aṣọ mu ránṣẹ́ kí àwọn olùkọ́ rẹ tó rí i. Lẹ́yìn náà ni o fi ohun tí o fẹ́ kọ sínú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi.

O kọ ọ́ pé wọ́n bi ọ́ níbo ni ìmísí rẹ ti wá. O kọ ọ́ pé nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá kan fa aṣọ àkọ́kọ́ tí o rán ya mọ́ ọ lára níwájú àlejò, torí pé aṣọ náà kò dára, èjìká kan ga ju èkejì lọ, ojú sì ti bàbá náà. O ní òwú pupa nìkan lo rí nílé, òun lo fi rán an padà, àti pé láti ọjọ́ náà lo ti ń ránṣọ. O wá ní bí n kò bá fẹ́, wàá kọ ọ́ pé ewé kajú àti erùpẹ̀ pupa Bantè ló fún ọ ní ìmísí, pé àwọn olùkọ́ yín fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo kà á fún ìyá rẹ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní ó pẹ́ kí o tó kọ ọ́, pé ká ní òun mọ̀wé ni, ara ògiri ilé yìí lòun ì bá kọ ọ́ sí.

O ní bí mo bá gbà, kí n fi ìka buwọ́ lù ú lórí fóònù. Ó dùn mí díẹ̀, torí àwọn tí kò mọ̀wé là ń ní kí wọ́n tẹ̀ka, ṣùgbọ́n mo ní ohun tó bá wu ọmọ mi ni n ó ṣe. Mo ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù dáadáa bí a ti ń ṣe lọ́jọ́ ìdìbò. Fóònù náà pe èèyàn mẹ́ta. Luqman ló bá mi fi epo nù ún, láti ìgbà náà ojú fóònù kò ríran dáadáa mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi bébà àti kálàmù dá ọ lóhùn.

Ganiath, ohun tí o kọ kò tọ́. N kò ní kí o yọ ọ́. Mo ní kí o tún un ṣe.

Ọ̀gá ilé-ìwé méjì ló wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú tí mo fa aṣọ náà ya, ọ̀kan láti Pira, ọ̀kan láti Djaloukou. O wọ aṣọ náà, o gbé omi wá fún wọn, o kúnlẹ̀, o sì padà sẹ́yìn ilé. Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn rẹ, o kò gbọ́ ọ. Ẹni tó wá láti Djaloukou ní aṣọ ọmọ yìí mà dára o, ta ló rán an, pé òun fẹ́ kí onítọ̀hún rán irú rẹ̀ fún ọmọ òun. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ìyá rẹ ti sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé n kò mọ̀. O wá jáde láti kó ife, ọkùnrin náà sì ti la ẹnu láti bi ọ́. Kí ó tó bi ọ́, mo ti dìde.

Kì í ṣe ìtìjú. Ẹ̀rù ló bà mí. Ká ní aṣọ náà kò dára ni, ǹ bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ǹ bá ní kí o padà sídìí ìwé rẹ, ò bá sì padà. Aṣọ tó dára ni mo mọ̀ pé yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí o di olùkọ́ bí èmi, mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Mo wá fi ọ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ kí o máa rò pé ọwọ́ rẹ kò dára. Èjìká méjèèjì dọ́gba. Ojú mi ṣì dára nígbà náà, mo rí i.

Mo ti lọ bá Fataou náà. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ dárí ọ̀rọ̀ àkìtàn yẹn jì mí. Ó ní òun ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà ó ka gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà fún mi, kò fo ọ̀rọ̀ kan, ó sì bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó ti tán.

Nítorí náà mo gbà. Wàá rí bébà kejì nínú àpò ìwé yìí, mo ti da ọ̀rọ̀ rẹ kọ, mo sì buwọ́ lù ú. Mo fagi lé "bàbá kan", mo kọ orúkọ mi síbẹ̀. Mo fagi lé "aṣọ náà kò dára", mo kọ òdì kejì rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi ewé kajú rọ́pò rẹ̀.

Ó ku ti owó. Owó mọ́tò wa láti ibí dé Kútọnu ni kí o bá wa wá, ti èèyàn mẹ́ta, torí Fataou ní òun gbọ́dọ̀ wà níbi àṣehàn náà kí ẹnì kan lè máa túmọ̀ nǹkan fún mi. Bí kò bá sí, má yá a, a ó ta kajú.

Ọlọ́run yóò bùkún ọwọ́ rẹ méjèèjì, tọ̀tún àti tòsì. Ohun tí mo fà ya lójú èèyàn méjì, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o fi hàn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn yóò sì dìde fún ọ. Bí o bá bí ọmọ, wọn kò ní bẹ̀rù rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó mọ̀ pé aṣọ náà dára,

Razack Adéoyè