Ọmú Tó Gbóná

Ẹ̀gbọ́n mi Hàwáù, mo kí yín, mo kí Bàbá àti Ìyá wa n'Ílọrin, mo kí àwọn ọmọ. Ooru mú gan-an ní Boukoki, àdúgbò wa níbí, àmọ́ ara wa le. Ikọ́ ọkọ mi ti lọ, ó ti padà sọ́jà Katako. Àsíyàt ọmọ mi ti hu eyín méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń kọ́ eré sísá fún ìdíje kìlómítà mẹ́wàá tàwọn obìnrin. Lẹ́yìn àsùbáà ni mo máa ń lọ, tòun ti híjáàbù mi. Ìyá ọkọ mi rí mi tí mò ń làágùn bọ̀, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní eré ti mú omi ọmú mi gbóná, á pa ọmọ.

"Ẹṣin kì í tọ́ ọmọ èèyàn," ni wọ́n wí.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò sáré mọ́, wọ́n ní ó ti pẹ́.

Ó di ọjọ́ mọ́kànlá. Mílíìkì àgòlò ni wọ́n ń fún un, èmi ń fún ọmú mi dànù. Àná mo na ọwọ́ sí i, ó fojú pamọ́ sáyà wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Ìyá wa pe ìyá ọkọ mi, kí wọ́n sọ fún wọn pé láti oko làwọn ti ń làágùn bọ̀ wá fún wa lọ́mú, a ò sì kú. Ọlọ́run á dá yín sí. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ọmú ọ̀tún ti gbẹ.

Àbúrò yín, Ummusalmah.