Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ààrò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ní èbúté Ìpakòdò ló ṣì máa ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Mo máa ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í sábà wà lọ́run nígbà náà. Inú ọkọ̀ yín ló máa ń wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti wọ́n bí ojú. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ọ̀hún gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ fara balẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni.

Ẹ rántí ọdún tí ẹ kan òrùlé sórí ọkọ̀ wa. Òjò ló fà á. Ó ká wa mọ́ àárín ọ̀sà, ó pa gbogbo àwọn obìnrin Ọjà Olúwo tí ẹ ń gbé bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ó sì ba ẹja yíyan wọn jẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ ò lè jẹun tán lọ́jọ́ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ gbé ayùn àti òòlù tí ẹ ti pa tì látìgbà tí ẹ ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, ẹ kan pákó yí ọkọ̀ ká, ẹ gbé òrùlé lé e, ẹ sì fi ọ̀dà dí gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Òjò ò wọlé mọ́ lóòótọ́. Ooru náà ò sì jáde mọ́.

Àlàájà Sìfáwù, olórí àwọn ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó sọ̀ sí Ìpakòdò lọ́jọ́ kan, ó ń fi ìborùn nu ọrùn, ó sì sọ fún gbogbo èbúté pé àwọn tó ń yan ẹja ni wọ́n wá ń yan báyìí, pé ààrò ni Bàbá gbé sórí omi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí yín. Ẹ ṣí fìlà yín, ẹ gbé e lé orúnkún, ẹ ò sì dé e mọ́ títí a fi délé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn yín wọnú egungun nìkan ni ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà títí ẹ fi kú, ó sì ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ yín, Gàníyù àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀, èmi sì ń mójú tó èrò àti ẹrù. A ò tíì ṣe oṣù mẹ́ta tí Àlàájà fi fóònù tuntun rẹ̀ pè mí. Ó ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí n gbọ́ òun láti Ẹ̀pẹ́ láìsí fóònù rárá. Ó béèrè àlàáfíà màmá wa, ó béèrè tèmi, kó tó wá sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tuntun kan ti dé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, àwọn obìnrin òun sì fẹ́ máa bá a lọ. Ó ní nítorí yín, òun á tún wọ tiwa lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bí ooru bá tún pa òun, kí n má bínú. Bàbá mi, bí àwọn obìnrin yẹn bá lọ, kí la ó máa gbé bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́? Omi?

Gàníyù ní ká ya òrùlé náà dànù. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé mi jù sọ́sà.

Mo gba àdúgbò Benson lọ láti wá fáànù. Ẹ mọ̀ mí, n kì í ra nǹkan níbi tí mo ti kọ́kọ́ béèrè. Mo rí fáànù ilé kan, ńlá, tó lè ṣí fìlà lórí ìmáàmù. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ló máa lò, ta ló sì fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀ tó ti ń gbóoru tẹ́lẹ̀? Òmíràn kéré, ó dára lójú, àmọ́ páànù ló wà lára rẹ̀, mo sì mọ ohun tí omi ọ̀sà máa ń fi páànù ṣe. Ríwáyà kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe ló wá fi fáànù oníke kékeré hàn mí, tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn awakọ̀ tírélà máa ń so síwájú ara wọn. Bátìrì ọkọ̀ lásán ló ń lò. Mo ní kó tàn án lójú mi. Mo tẹ́tí sí i bó ṣe ń dún, mo di ìdí rẹ̀ mú wò bóyá ó ń gbọ̀n, mo ní kó pa á, mo ní kó tún un tàn. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe náà ni, tí ẹ máa ń fi ìka kan pákó tí ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí inú á fi bí ẹni tó ń tà á. Inú bí ríwáyà náà dáadáa. Mo mú mẹ́rin.

A so wọ́n mọ́ inú ọkọ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, gbogbo wọn kọjú sí èrò. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ Àlàájà pé, èmi àti Gàníyù wa ọkọ̀ lọ sáàárín ọ̀sà lọ́sàn-án gangan láti dán an wò. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Fáànù ń yí, ooru náà ń yí. Èyí tó kúrò lápá ọ̀tún ló ń bọ̀ lápá òsì, tòun ti òórùn epo ẹ́ńjìnì. Gàníyù kàn wo òrùlé, ó sì tún wò mí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Ibi yòówù ká jọ lọ, tó bá ti gbóná, ẹ kì í wá fáànù. Ẹ máa ń wo òkè, ẹ máa ń wo ẹ̀yìn, ẹ ó sì béèrè pé ibo ni ooru ibẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ bi ìmáàmù ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ bi àwọn àna mi nínú pálọ̀ wọn lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ débẹ̀, ilẹ̀ ò sì lanu kí n wọ inú rẹ̀. Mo wo inú ọkọ̀ wa, kò síbi kankan. Kí ló dé tí ẹ bi gbogbo ayé léèrè, tí ẹ ò bi ara yín? Ṣé òjò ọjọ́ yẹn ló bà yín lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀? Àbí ẹ mọ̀, tí ọwọ́ yín ni kò gbà láti gé ohun tí ẹ fi ìbànújẹ́ kàn?

Ọwọ́ tèmi náà kò kọ́kọ́ gbà. Mo mú ayùn yín, mo dúró ti pákó ẹ̀yìn ọkọ̀, lókè níbi tó ti kan òrùlé, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ má bínú sí mi. Lẹ́yìn náà mo gé e. Ihò méjì ni mo gé sẹ́yìn, mo kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ síta lókè wọn kí òjò yín má baà rọ́nà wọlé. Mo yí fáànù méjì padà, mo kọjú wọn síta láti máa fa ooru àti òórùn epo jáde. Mo la fèrèsé síwájú kí atẹ́gùn ọ̀sà lè wọlé, kí fáànù méjì tó kù máa gbé e kiri ara èrò. Pákó tí mo gé kúrò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò lè fi í dáná.

Ọjọ́ ọjà pé. Àlàájà jókòó síbi tó máa ń jókòó, abẹ̀bẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Ó wo fáànù, ó wò mí, ó yínmú. Oòrùn ọjọ́ náà ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Mi ò wo ojú èèyàn kankan, abẹ̀bẹ̀ yẹn nìkan ni mo ń wò. Ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, ó ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó gbé e lé itan. Àwọn obìnrin tó kù ti ń sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n ń bú oníbàárà kan tí kò sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń nu ojú nínú wọn.

A ti ń rí Ìpakòdò lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí Àlàájà juwọ́ sí mi. Mo lọ bá a. Ó ti fi ìborùn bo èjìká rẹ̀ méjèèjì, ó sì fà á mọ́ra.

“Ọmọ Káfíńtà, pa ọ̀kan nínú fáànù yìí. Òtútù ń mú mi.”

Bàbá mi, mi ò pa á kíá. Mo ṣe bí ẹni pé ẹ́ńjìnì ò jẹ́ kí n gbọ́, mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Ó mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó bojú wo òrùlé yín, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un sọ sókè tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́.

Ẹ dé fìlà yín.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fi ayùn yín gé pákó yín, tí kò sì ní dẹ́kun láti fẹ́ràn yín.