Tinai Wo Ilẹ̀

Ajé, ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá
Òjò Suva, olú-ìlú Fiji, ò dá. Ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lónìí: àdéhùn ẹja pípa, kálukú ń ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè kan. Mo kọ òfin sójú pátákó: àbá tí ẹnikẹ́ni ò bá takò títí aago méjìlá fi lù, gbogbo yín ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é níbi ìpàdé gidi.

Wame ni alága — àgbà kíláàsì, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Àbá rẹ̀ gba ìdajì òkun mọ́ orílẹ̀-èdè tí Tinai, ọmọ erékùṣù Kiribati, ń ṣojú lọ́wọ́. Tinai wo ilẹ̀. Aago lù. Òkun lọ.

Ìṣẹ́gun, 10
Bí mo bá fún Tinai ní òdo, ó fìdí rẹmi, ìjọba tó rán an wá á sì pè é padà. Ọjọ́ Ẹtì ni máàkì gbọ́dọ̀ wọlé. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Òdo ni.

Ọjọ́rú, 11
Tinai wá sí ọ́fíìsì mi. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé òfin náà fún un. Ó gbọ́ tán, ó ní, “Ẹ má bínú, Mà. Mo kọ̀ o. Mo tiẹ̀ kọ̀ gidigidi.”

Mo ní, nígbà wo?

“Ṣé ẹ rí i pé mo wo ilẹ̀? Nílé bàbá mi, tí àgbà bá dábàá, tí mo bá wo ilẹ̀, ó mọ̀ pé mo ti kọ̀ nìyẹn. Á lọ tún un rò. Ta ló máa la ẹnu sọ pé ‘rárá’ fún àgbà?”

Wame ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. “Ọmọ yìí! Èmi rò pé oorun ló ń kùn ẹ́!”

Tinai rẹ́rìn-ín, ó tún wo ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12
N kò kọ máàkì kankan.

Ẹtì, 13
Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì: Tinai yóò tún ìdánwò ṣe lọ́jọ́ Ajé. N kò fún un ní máàkì ọ̀fẹ́ — àwọn tó máa bá a jókòó ìpàdé lọ́jọ́ iwájú ò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n n óò pe orúkọ kálukú, n óò bi í, kí aago tó lù.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àpótí ìwé àtijọ́. Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, èmi ni akọ̀wé ìpàdé lórí ààlà ìpẹja láàárín erékùṣù méjì. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀, Toakai, ọmọ Kiribati bíi Tinai. Gbogbo ọ̀sán ni ó fi wo ilẹ̀. Mo rántí dáadáa.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́: “Ó gbà.”

Àwọn ọmọ rẹ̀ ò pẹja nínú òkun yẹn mọ́.