Ọ̀mọ̀wé Tó Wá Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Orin

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Àdúgbò Ìlórò,
                                        Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 1993.

Rhoda, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Kàdúná? Olúfúnmilọ́lá ọmọ mi ńkọ́, ṣé ibà yẹn ti fi í sílẹ̀? Ọkọ rẹ náà ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ò pa á lára jù? Ọyẹ́ ń la wá létè níbí, ṣùgbọ́n ara le, a dúpẹ́.

Rhoda, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí n kò lè gbé mì. Sátidé tó kọjá ni Ọ̀mọ̀wé Ọlámúyìwá Ògúnrẹ̀mí wá sí gbọ̀ngàn ìjọ wa. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọdún méjìlélógún ló ti lò ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń tẹ píánò fún àwọn òyìnbó. Ó ní òun wá la ará ìlú lójú nípa orin. O ò ṣáà mọ̀ pé afọ́jú ni wá tẹ́lẹ̀! Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fẹ́ sọ, nítorí náà èmi tí mo jẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀.

Ọ̀sán gangan, Ọ̀mọ̀wé wọ kóòtù dúdú tí ìrù rẹ̀ là sí méjì bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ ló fi sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan píánò. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń mí, àti ìgbà tí a lè pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá wúkọ́ ti ba orin jẹ́. Nínú ọyẹ́ o, Rhoda! Ojú àwọn èèyàn pọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé ikọ́ mì. Olóyè Láníyì, alága wa, ń mirí bí ẹni tó lóye. Ìgbà tí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà ni mo tó mọ̀ pé oorun ni. Ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Nígbà tó rẹ̀ mí, gbólóhùn mẹ́wàá rẹ̀ ni mo ń sọ di ẹyọ kan: "Ó ní ẹ fara balẹ̀."

Ó wá tẹ píánò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tún dìde láti ṣàlàyé ohun tó tẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Oyèkẹ́, àgbẹ̀ kan láti ìletò Upenmen, ti nawọ́ sókè.

"Ọmọ mi, kí ni orin yìí ń wí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní orin gidi kì í nílò ọ̀rọ̀.

Ìyá ní, "Kí wá ni ìwọ ti ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn. Olóyè Láníyì ta jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Mo rò pé Ọ̀mọ̀wé yóò bínú lọ. Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó jókòó, ó sì tẹ píánò láìwí nǹkan kan. N kò ní purọ́ fún ọ, ó dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ bí òjò orí páànù, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán méjì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kíkankíkan. Omi bọ́ lójú mi. Inú tún bí mi pé ó fi irú nǹkan báyìí pa mọ́ sẹ́yìn ìwàásù.

Nígbà tí a tú ká, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Oyèkẹ́, ó ní òun fẹ́ gbọ́ orin tirẹ̀ náà. Ìyá ní kó wá lọ́jọ́ Ajé.

Bí mo ṣe tẹ̀lé Ọ̀mọ̀wé lọ sí Upenmen lánàá nìyẹn. Ó mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ìyá gbà wọ́n, ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀.

"Orin tí a fi ń bó ẹ̀gúsí nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó máa bó o."

Ó ń bó, Ìyá ń kọrin. Bó bá ti lanu láti ṣàlàyé, Ìyá á da ẹ̀kúnwọ́ mìíràn sínú abọ́. Nígbà tó yá, Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin náà. Ìyá ní, "O ti tún sáré jù."

Nígbà tí à ń bọ̀, ó fi ìka rẹ̀ tó wú hàn mí. Ó ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí òun lọ, kò sí èyí tó kọ́ òun pé èékánná náà a máa gbọ́ orin.

Bá mi kí ọkọ rẹ, àwọn ọmọ, àti Jìbírílù aládùúgbò yín. Fèsì o, má jẹ́ kó pẹ́ bíi ti ìjọ́sí.

Èmi ni tìrẹ, ní ẹ̀rín àti ní ẹkún,
Agatha Oyèlárán.