Ẹ Sọ Ibi Tí Mubaraq Wà Fún Mi

Bùrọ̀dá mi Múrítàlá,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Màámi ń kí yín láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, orúnkún wọn ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Zulaikha ti wọ Práímárì Wán. Ìfúnpá tèmi náà ti wálẹ̀.

Ẹ ṣeun fún ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ sanwó rẹ̀ fún èmi àti ọkọ mi ní erékùṣù kékeré àárín adágún yẹn. Ibẹ̀ tutù, ẹja wọn dùn, mo sì rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ọlọ́kọ̀ bi mí pé, "Ẹ̀yin mélòó?"

Mo ní, "Àwa mẹ́ta. Èmi, bàbá Zulaikha, àti ọmọ ọwọ́."

Ó kó ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wá, ńlá méjì, kékeré kan. Ó ní, "Ìyàwó, ọmọ ọ̀hún dà?"

Ọkọ mi wolẹ̀. Mi ò lè dá ẹ̀wù kékeré náà padà. Orí itan mi ló wà títí a fi gúnlẹ̀.

Bùrọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ gbé Mubaraq ọmọ ọwọ́ mi lọ sin kí ẹ tó rìnrìn àjò. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ, mo gbà. Àfáà tó bá yín lọ kọ̀, wọn ò sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ sọ ọ́. Mi ò ní débẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ apá ibi tí mo lè kọjú sí tí mo bá ń kí i.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ̀yin bi ẹnikẹ́ni ní irú ìbéèrè yìí.

Àbúrò yín,
Hajarat, Ògbómọ̀ṣọ́