Ẹ Má Jẹ́ Kí Ààlà Gba Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Ilé Wẹ́dà,
Òdìkejì Ilé Ìtọ́jú Aláboyún,
Ojú Ọ̀nà Ilé Omi.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Pípín Ìjọba Ìbílẹ̀,
Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
Ọ́fíìsì Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ GBOGBO ILÉ WA WÀ NÍNÚ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀ KAN ṢOṢO, KÍ WỌ́N TÓ RI ÒPÓ ÀÀLÀ

1. Mo lóyún. Ẹ forí jì mí pé ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé tí mo kọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa fúnra mi sọ ọ́ fún. Ìyá tó bí mi kò tíì gbọ́. Ọkọ mi tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí, kò tíì gbọ́. Inú mi ń dùn débi pé bí mo bá ń fọ abọ́, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín, ìyá ọkọ mi á sì béèrè ohun tí mo rí nínú ọṣẹ. Oṣù karùn-ún ọdún yìí ni a ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé fóòmù wa, a kò tíì ya á kúrò tán.

2. Ìdí tí mo fi pa irú ìròyìn ayọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé ọwọ́ yín ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

3. Èmi ni ìyàwó kékeré nínú ilé yìí. Mo ka ìwé girama parí, iṣẹ́ aránṣọ ni mo sì ń ṣe. Wẹ́dà ni ọkọ mi. Bíríkìlà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni mo ń pè ní Ìyálé mi. Ìyá ọkọ mi ni olórí gbogbo wa. Òrùlé kan ló bò wá, ilé ìdáná kan là ń lò, ẹ̀rọ omi kan la sì ti ń pọnmi. Yàrá ìyá ọkọ mi wà níwájú, ó kọjú sí títì. Yàrá èmi àti ti Ìyálé mi wà lẹ́yìn, wọ́n kọjú sí àgbàlá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló wà láàrin iwájú àti ẹ̀yìn, ibẹ̀ la máa ń sá aṣọ sí bí òjò bá ń rọ̀.

4. Ẹ má rò pé a kórìíra ìpín náà. Nígbà tí ìjọba kéde pé a ó pín ìjọba ìbílẹ̀ wa sí Òkè àti Ìsàlẹ̀, àwa náà yọ̀. Èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ tóbi jù. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ níbẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi gan-an ni wọ́n gbé iṣẹ́ pátákó ààlà fún, pátákó irin ńlá tó ń kí ènìyàn káàbọ̀ sí Òkè lójú kan, tó ń kí i káàbọ̀ sí Ìsàlẹ̀ lójú kejì. Ó jó o pọ̀ débi pé ènìyàn kò lè rí ojú àpá kankan lára rẹ̀. Iṣẹ́ náà ló fún wa lágbára láti ṣe ìgbéyàwó lọ́dún yìí. Iwájú ilé wa ni wọ́n rì í sí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀, èmi pẹ̀lú aṣọ funfun, ọkọ mi sì fọwọ́ lé òpó rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ìlú.

5. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ yín wá pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì, wọ́n fi àmì Òkè sí i. Ilẹ̀kùn tó kọjú sẹ́yìn, wọ́n fi àmì Ìsàlẹ̀ sí i. Ìyá ọkọ mi bi ọ̀gá wọn bóyá kò rí i pé òrùlé kan ló bo gbogbo wa. Ó fèsì pé, “Màmá, ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kí n wò, wọn ò ní kí n wòkè.” A rẹ́rìn-ín gan-an. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá ọkọ mi bá fẹ́ rán Ìyálé mi ní iyọ̀ nílé ìdáná, á ní kí ará Ìsàlẹ̀ má gbàgbé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Oyún Ìyálé mi ti tóbi nígbà náà, á máa rìn jẹ́jẹ́, á máa fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú, á ní òun àti ẹnì kejì òun ti gba fisà.

6. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje, tí ìpín náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìyálé mi bẹ̀rẹ̀ sí rọbí lọ́sàn-án. Ilé ìtọ́jú aláboyún wà ní òdìkejì títì. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa máa ń gbọ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń pe orúkọ. Ibẹ̀ ló ti ń gba ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Òkè ni wọ́n pín ibẹ̀ fún. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n dáadáa pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó nàka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ará Òkè nìkan ni kí wọ́n máa gbà, àfi ẹni tó bá mú ìwé wá láti ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Omijé ti kún ojú nọ́ọ̀sì náà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n lé nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì lọ́mọ nílé. Ẹ sáré lọ gba ìwé náà, màá ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè yín.”

7. Èmi àti ọkọ rẹ̀ gbé e sínú takisí, ó di ọ́fíìsì Ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi sínú ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò lò mọ́. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wá orúkọ rẹ̀, kò rí i. Ó ní orúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn ilé kò tíì ti Òkè dé, nítorí náà Òkè ló ṣì ni wọ́n, òun kò sì lè kọ ìwé fún ẹni tí kì í ṣe tòun. N kò fẹ́ parọ́ mọ́ ọn. Kò fi ọ̀rọ̀ gún wa. Ó gbé àga fún Ìyálé mi, ó ń fi fáìlì fẹ́ ẹ, ó sì ń tẹ ọ̀gá rẹ̀ láago, ọ̀gá kò gbé e. Orí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọdé ti jókòó kàwé rí ni Ìyálé mi bímọ sí. Obìnrin ni. Irun rẹ̀ pọ̀, ó dúdú kirimù. Kò ké. Èmi ni mo fi ìborùn mi gbà á, mo sì ń dúró kí ó ké, mo ń dúró.

8. Ìwọ́ ọmọ náà ló wé mọ́ ọn lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ohun tí àwọn máa ń tú láìlàágùn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀dì tí òun tẹ́ wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀.

9. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin jáde, ó lọ síbi pátákó ààlà. Ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìdí òpó náà, ó ní, “Bó o bá máa gé e, ẹsẹ̀ mi ni kó o kọ́kọ́ gé. Ọmọ kan ti lọ. Ṣé ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ kó gba èkejì?” Ọkọ mi ní, “Màmá, èmi ni mo jó o. Ọwọ́ mi yìí ni.” Gbogbo àdúgbò ti dúró yí wọn ká. Nígbà tó yá, ọkọ mi gbé ẹ̀rọ náà wọlé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ kò fẹ́ kan pátákó yẹn. Fọ́tò ìgbéyàwó wa, ó ní kí n ká a kúrò lára ògiri. Mo ká a.

10. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ gbé irinṣẹ́ bíríkìlà rẹ̀ jáde. Ó po sìmẹ́ǹtì, ó fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà yàrá èmi àti ọkọ mi tó kọjú sẹ́yìn, ó lu òmíràn sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó lè kọjú sí títì. Ó ní ìyàwó kékeré ilé wa kò ní jẹ́ ará Ìsàlẹ̀ mọ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ yín padà wá, ó wá ilẹ̀kùn tó kùn títí, ó rí i níbi tó ti fara ti ògiri àgbàlá. Ó wò ó, ó wò wá, ó sì kun àmì Ìsàlẹ̀ náà sára ilẹ̀kùn tuntun. A bẹ̀ ẹ́. Ó ní iye yàrá tí òun kọ sílẹ̀ fún Ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín.

11. Báyìí ni nǹkan ṣe rí nígbà tí mo rí i pé mo lóyún. Mo yọ̀, mo sì fọwọ́ bo ẹnu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa yọ̀ níwájú Ìyálé mi, tó jẹ́ pé aṣọ ọmọ tí mo rán fún un ṣì wà nínú àpótí rẹ̀? Òun ló kọ́kọ́ fura. Ó ní, “Ìyàwó, láràárọ̀ lò ń sáré lọ sẹ́yìn táńkì. Ta lò ń kí níbẹ̀?” Mo ní ata ló yọ mí lẹ́nu. Ó ní, “Ata tó máa lo oṣù mẹ́sàn-án.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà, mo sì fò mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Má jẹ́ kí wọ́n máa bi ẹ́ ní ìbéèrè nígbà tó o bá ń rọbí o.” Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

12. Ọkọ mi ni n kò lè sọ fún. Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá gbọ́ pé ọmọ tirẹ̀ náà ń bọ̀ lábẹ́ àmì pupa yẹn, yóò tún gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì ní lágbára láti sáré tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kejì.

13. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn agbaṣẹ́ṣe wá fa ìlà funfun gba àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kọjá. Wọ́n ní Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́ oṣù yìí, ni àwọn yóò gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, tí àwọn yóò da kọnkéré òpó ààlà, àti pé bó bá ti gbẹ, kò sí ìgbìmọ̀ tó lè yí i padà mọ́, ó di ilé aṣòfin. Ilé ìtọ́jú tí wọ́n ṣèlérí fún Ìsàlẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀, koríko ti bò ó.

14. Nítorí náà, ohun kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹ ka ilé wa sí ilé kan, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ààlà gba ẹ̀yìn ògiri àgbàlá wa kọjá. Òkè la fẹ́, n kò ní tan yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́ kó gbogbo wa sí, ẹ kó wa, kí ẹ sì pàṣẹ pé kí ilé ìtọ́jú tó wà níwájú wa máa gba àwọn aboyún Ìsàlẹ̀ títí tiwọn yóò fi parí. Ẹ̀yin lẹ fa ìlà náà, ẹ̀yin lẹ lè sún un. Kò ní ná ìjọba ní ju ọ̀dà díẹ̀ lọ.

15. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó fúnra yín. Ẹ bá wa pe alága Òkè, alága Ìsàlẹ̀ àti agbaṣẹ́ṣe òpó wá, kí gbogbo yín jọ dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, kí ẹni tó bá lè fi ìka hàn mí níbi tí ìyá ọkọ mi parí sí tí èmi ti bẹ̀rẹ̀ fi hàn mí. Lọ́jọ́ tí mo bá rí èsì yín pé ẹ ń bọ̀ ni màá sọ fún ọkọ mi. Mo ti ń ro bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí. Bí ẹ bá dé, ẹ bá a yọ̀.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín tó ń retí yín,

Ìyàwó Wẹ́dà
(Aránṣọ, ìyàwó kékeré ilé náà).

Ọjọ́ tí mo bẹ̀ yín pé kí gbogbo yín dé: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019.