Èsì Àyẹ̀wò Tí Wọn Ò Sọ Fún Wa

Selorm àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Hamburg. Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́. Ẹja ò pọ̀ nínú adágún lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí banku jẹ.

Inú ló ń bí mi o! Àwọn olùwádìí tó gba ìtọ̀ àwọn ọmọ wa àti omi adágún lọ́dún tó kọjá tún dé. Yayra ọmọbìnrin mi ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ láti oṣù mẹ́rin. Mo bi Dókítà Nortey, ọ̀gá wọn, pé, "Èsì ti àkọ́kọ́ dà?"

"Ó ti wà nínú ìwé ìwádìí wa, Màmá Yayra."

"Ta lẹ kà á fún níbí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Mo bá lọ jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi wọn. "Ẹ ò ní lọ láìkà á!" Àwọn ìyá yòókù náà wọ inú rẹ̀ tì mí.

Ó bá kà á látinú àkọsílẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Nínú ọgọ́ta ọmọ, mọ́kànlélógójì ló ní àtọ̀sí ajá, àrùn tí kòkòrò inú omi adágún ń fà. Orúkọ Yayra wà níbẹ̀. Ọdún kan gbáko ni wọ́n ti mọ̀, Selorm! Oògùn tí ọmọ ń lò lẹ́ẹ̀kan péré ló ń wò ó sàn!

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kó oògùn dé. Ìtọ̀ Yayra ti ń mọ́. Jọ̀ọ́, bá wa wá ìwé ìwádìí yẹn níbẹ̀, kí o fi ránṣẹ́.

Kí Mawu máa ṣọ́ yín. Àwọn olùwádìí náà ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ti sọ èsì fún wa. Mo fọwọ́ sí i, mo sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Akpene